Orúkọ àti Ìtọ́jú Òdòdó Òòrẹ̀ Funfun Aṣùjọ Nínú Ọgbà Ojú Oòrùn

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nípa ọmọ ènìyàn náà ni ó rí nípa ohun ọ̀gbìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún ewéko àjèjì lórúkọ ní èdè Yorùbá ní láti kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń hù, bí ó ṣe ń tanná, bí ó ṣe ń sùn àti bí ó ṣe ń kú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó fún un lè dùn létí, síbẹ̀ kí ó ṣi ẹni tí yóò gbìn ín lọ́nà.

Ewéko tí a mú ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni oríṣi kúkúrú, olódòdó funfun, ti ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Echinacea purpurea. Àríwá Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó sì fi í sí nínú gbogbo àlàyé wa, nítorí pé òtútù ibẹ̀ wà lára ohun tí ó ń darí ìgbésí-ayé rẹ̀. A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti gba àgbẹ̀ Ìbàdàn tàbí ti Kétu níyànjú pé kí ó gbìn ín. Àwọn tí a ní lọ́kàn ni olùkọ́, ògbufọ̀ àti òbí tí wọ́n ń lo èdè Yorùbá níbi tí òdòdó náà ti ń hù lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison àti ní Yunifásítì Florida ní ìlú Gainesville. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó sì ń gbé ní Chicago àti ní agbègbè Maryland. Bí olùkọ́ bá kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde láti lọ wo ohun ọ̀gbìn, òdòdó yìí wà lára ohun tí wọn yóò bá pàdé.

Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ inú ọgbà wà lára iṣẹ́ tí ó kù fún wa láti ṣe. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá kọ ni ọwọ́ olùtọ́jú ọgbà yóò tẹ̀ lé. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtọ́jú òdòdó yìí tí ó jẹ́ pé, bí a bá túmọ̀ wọn lẹ́yọ-lẹ́yọ láìwo ewéko náà, ewéko náà ni yóò jìyà rẹ̀.

2. Orúkọ ìran àti orúkọ ẹ̀yà

Ní 1753, Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Swídìn, pe ewéko yìí ní Rudbeckia purpurea. Ní 1794, Conrad Moench, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, yọ ọ́ kúrò nínú ìran Rudbeckia, ó sì fi í sí ìran tuntun tí ó pè ní Echinacea. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ẹranko ẹlẹ́gùn-ún lára ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan àárín òdòdó yìí yóò mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gún wẹ́wẹ́ líle, tí orí wọn ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n, ni ó kún ibẹ̀.

Ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tí Yorùbá mọ̀ bí ẹni mọ owó ni òòrẹ̀. Nítorí náà, a dábàá òdòdó òòrẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìran yìí. Ẹnìkan lè wí pé Gẹ̀ẹ́sì kò fi ẹranko pè é, pé ohun tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ni wọ́n fi í wé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àárín òdòdó Rudbeckia, tí òun náà wọ́pọ̀ nínú ọgbà Amẹ́ríkà, a máa ṣe ṣóńṣó pẹ̀lú. Ẹ̀gún ni àmì tí ọwọ́ fi lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì, kódà bí ojú kò bá ríran dáadáa. Orúkọ tí ó tọ́ka sí àmì ìyàtọ̀ sàn ju èyí tí ó tọ́ka sí ohun tí ewéko méjì jọ ní lọ.

Ìṣòro kejì ni ti àwọ̀. Ìtumọ̀ purpurea nínú èdè Látìn ni aláwọ̀ àlùkò, nítorí pé àwọ̀ àlùkò tí ó súnmọ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni òdòdó náà máa ń ní nínú igbó. Olódòdó funfun jẹ́ èyí tí ó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn olùtọ́jú ọgbà sì ṣà, tí wọ́n ń mú bí sí i. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ orúkọ Látìn náà bí ó ti wà, yóò kọ òdòdó òòrẹ̀ aláwọ̀ àlùkò funfun. Òǹkàwé yóò sì béèrè èwo ni kí òun gbà nínú méjèèjì. A rò pé ó sàn kí a fi ewé pe ẹ̀yà yìí. Ewé rẹ̀ gbòòrò ju ti ẹ̀yà Echinacea angustifolia lọ, èyí tí orúkọ Látìn tirẹ̀ pàápàá túmọ̀ sí eléwé tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, òdòdó òòrẹ̀ eléwé-gbòòrò ni ti wa, òdòdó òòrẹ̀ eléwé-tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni èkejì.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ọkọ́ pẹ̀lú. Gbòǹgbò eléwé-tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ọ̀kan gbòógì tí ó wọlẹ̀ lọ jìnnà, kò sì fẹ́ kí a ṣí i nídìí. Gbòǹgbò eléwé-gbòòrò pọ̀, ó sì rí bí irun, nítorí náà a lè pín in nígbà tí ó bá ti dàgbà. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè hú èyí tí kò yẹ kí ó hú.

3. Orí-òdòdó kì í ṣe òdòdó kan ṣoṣo

Ẹbí tí òdòdó òòrẹ̀ wà kò ṣàjèjì sí wa. Inú ẹbí náà ni ewúro wà, òun àti ebòlò, yúnyun àti imí-eṣú. Àmì ẹbí yìí ni pé ohun tí ojú rí bí òdòdó kan jẹ́ àpéjọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó kéékèèké lórí ìjókòó kan. Ẹni tí ó bá tú òdòdó yúnyun wò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ yóò rí i bẹ́ẹ̀. A pe àpéjọ náà ní orí-òdòdó.

Ní orí òdòdó òòrẹ̀, oríṣi òdòdó kéékèèké méjì ni ó wà. Àwọn tí ó wà létí fẹ̀, wọ́n sì gùn bí ahọ́n. Àwọn ni ó ní àwọ̀ funfun tí a ń rí láti òkèèrè. A pè wọ́n ní òdòdó aláhọ́n. Àwọn tí ó wà láàárín kéré, wọ́n sì fún mọ́ ara wọn láàárín àwọn ẹ̀gún. A pè wọ́n ní òdòdó àárín. Òdòdó aláhọ́n kì í so èso. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pe oyin àti labalábá. Òdòdó àárín ni ó ní oje dídùn, tí ó ní lẹ́búlẹ́bú akọ, tí ó sì ń di hóró. Láti etí ni òdòdó àárín ti ń là bọ̀ wá sí góńgó orí, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Bí a bá wá pe ahọ́n funfun náà ní ewé òdòdó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ti òdòdó mìíràn, a ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí pé yóò rò pé bí ahọ́n bá ti rọ, iṣẹ́ òdòdó náà ti parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé ṣe kí hóró ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbó láàárín.

Àwọn oríṣi kan wà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ti tọ́ títí tí òdòdó àárín wọn fi di ahọ́n wẹ́wẹ́. Wọ́n kún rẹ́rẹ́, wọ́n sì wu ojú. Ṣùgbọ́n ọgbà Mt. Cuba Center ní ìpínlẹ̀ Delaware, tí ó dán ọ̀pọ̀ oríṣi òdòdó òòrẹ̀ wò láti 2018 sí 2020, rí i pé kòkòrò tí ń gbé lẹ́búlẹ́bú kiri fẹ́ràn àwọn tí orí wọn ṣì wà bí ìṣẹ̀dá ju àwọn tí ó kún rẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ oyin nínú ọgbà rẹ̀ yóò yan èyí tí àárín rẹ̀ ṣì hàn gbangba.

4. Kúkúrú, aràrá tàbí aṣùjọ?

Òdòdó òòrẹ̀ eléwé-gbòòrò a máa ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 120. Nínú ọgbà kékeré, èyí ga jù fún iwájú. Èyí ni ó mú kí àwọn olùtọ́jú ọgbà wá àwọn tí kò ga. Lára àwọn olódòdó funfun, White Swan ga díẹ̀ ju mítà ààbọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní PowWow White a máa wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60. Kim's Mophead náà wà lára àwọn kúkúrú. Orúkọ ọjà ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. A kò túmọ̀ wọn, nítorí pé orúkọ náà gan-an ni ẹni tí ó fẹ́ ra ewéko yóò bá lára ìkòkò.

Kí ni a ó wá pe ìrísí wọn? Bí a bá sọ pé aràrá ni, ọ̀rọ̀ náà mú àbùkù lọ́wọ́, bí ẹni pé ewéko náà kò rí oúnjẹ jẹ dàgbà. Òǹkàwé tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ wò ó sàn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ajílẹ̀ sí i nídìí. Bí a bá sọ pé kúkúrú ni, a kò purọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ tán. Ewéko lè kúrú kí ó sì rí jákujàku. Ohun tí ó mú kí àwọn wọ̀nyí níyì ni pé igi tí ó ń ti ìdí wọn jáde pọ̀, ó le, ó sì súnmọ́ ara rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi ṣù jọ bí agbo. Nítorí náà, aṣùjọ ni ọ̀rọ̀ tí a fara mọ́. Òdòdó òòrẹ̀ funfun aṣùjọ ni orúkọ tí ó pé.

5. Oòrùn, ilẹ̀ àti omi

Ìwé ìtọ́ni a máa sọ pé òdòdó yìí fẹ́ oòrùn kíkún. Ní èdè wa, ó sàn kí a ka wákàtí: kí oòrùn máa ta sí i lára tààrà fún wákàtí 6 ó kéré tán lójúmọ́. Lábẹ́ òjìji, igi rẹ̀ yóò gùn gbọọrọ, yóò máa wá ìmọ́lẹ̀, yóò sì wó. Nígbà náà, kì í ṣe aṣùjọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù nínú ìpín yìí ni ilẹ̀ dídára. Fún àgbẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ dídára ni ilẹ̀ ọlọ́ràá, ilẹ̀ dúdú tí ó gbé iṣu ńlá. Ṣùgbọ́n òdòdó òòrẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rá púpọ̀. Ọ̀rá púpọ̀ a máa mú kí ewé pọ̀, kí igi rọ̀, kí ó sì dojú dé ilẹ̀ bí òjò bá rọ̀ ọ́ lórí. Ohun tí ó fẹ́ ni ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. A pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ amomiwọlẹ̀, èyíinì ni ilẹ̀ tí ó ń gba omi sínú láìjẹ́ kí ó di àbàtà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, kí a po ewé jíjẹrà mọ́ ọn kí ó lè là, tàbí kí a gbé ojú ẹbẹ̀ náà ga díẹ̀. Ewé jíjẹrà tí a bù sí i díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó o fún oúnjẹ.

Àlàfo tí ó wà láàárín ewéko kan àti èkejì yẹ kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Ní ọdún àkọ́kọ́, kí a máa bomi rin ín bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, títí gbòǹgbò yóò fi mú ilẹ̀. Láti ọdún kejì, ó lè fara da ọ̀dá díẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí a gbìn tì í ni àwọn tí wọ́n fẹ́ oòrùn àti ilẹ̀ bíi tirẹ̀. Lára wọn ni Rudbeckia olódòdó ìyeyè, Liatris tí òdòdó rẹ̀ nà ró bí ọ̀pá, àti koríko Schizachyrium scoparium, ọmọ bíbí pápá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí aṣùjọ funfun wà níwájú, kí àwọn tí ó ga wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, kí ògbufọ̀ ṣọ́ra nípa orúkọ ìgbà. Ọ̀pọ̀ ni ó ń pe ìgbà tí oòrùn mú jù ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú. Oṣù Bélú ni òtútù ń wọlé ní Wisconsin. Ẹni tí a bá sọ fún pé òdòdó yìí ń tanná ní ẹ̀ẹ̀rùn lè retí rẹ̀ nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀. A dábàá pé kí a sọ ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí a sì dárúkọ oṣù tì í. Ní agbègbè Chicago àti Madison, ìgbà ooru, láti nǹkan bí oṣù Agẹmọ, ni òdòdó òòrẹ̀ ń tanná.

6. Apadàhù: ewéko tí ó sùn kò kú

Ẹ jẹ́ kí a fọkàn ro ìyá kan tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Chicago ní oṣù Bélú láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Ìyá náà kì í jókòó lásán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bojú wo iwájú ilé, ó rí igi òdòdó gbígbẹ tí ó dúdú, tí ewé rẹ̀ ti kú mọ́ ọn lára. Ó ní kí òun tún ibẹ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ dáhùn láti inú ilé pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Òdòdó ọlọ́dọọdún ni." Ìyá gbọ́ ọlọ́dọọdún, ó sì gbọ́ ọ bí Yorùbá ti ń gbọ́ ọ: ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún, bí àgbàdo tí à ń gbìn lọ́dọọdún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ti ọdún yìí ti parí nìyẹn. Ó hú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ìyá kò jẹ̀bi. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ni ó jẹ̀bi. Ọlọ́dọọdún lè jẹ́ ohun tí a ń gbìn lọ́dọọdún, ó sì lè jẹ́ ohun tí ń padà wá lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ kan tí ó gbé ìtumọ̀ méjì tí wọ́n ta ko ara wọn kò yẹ fún iṣẹ́ ìmọ̀. A dábàá pé kí a pe ewéko tí ń hù, tí ń so, tí ó sì ń kú pátápátá láàárín ọdún kan ní ọlọ́dún-kan. Kí a sì pe èyí tí òkè rẹ̀ ń gbẹ, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè, tí ó sì ń hù padà, ní apadàhù. Bí ọmọ náà bá ti sọ pé apadàhù ni, ìyá yóò ti mọ̀ pé ohun kan ń bẹ nílẹ̀ tí yóò hù.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí àgbẹ̀ Yorùbá rárá. Ó mọ̀ pé bí ìtàkùn iṣu bá gbẹ lókè ebè, iṣu kò kú nísàlẹ̀. Òtútù ni ó ń ṣe fún òdòdó òòrẹ̀ ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń ṣe fún iṣu. Ewéko yìí lè la òtútù tí ó lọ sílẹ̀ dé 30°C nísàlẹ̀ òdo já. Ohun tí ó ń pa á nígbà òtútù ni omi tí ó bá dúró sí i nídìí, tí ó mú kí gbòǹgbò jẹrà.

Èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ọ̀rọ̀ kan náà fún adé ọba àti fún ibi tí igi ewéko ti pàdé gbòǹgbò. Ìwé ìtọ́ni a máa kìlọ̀ pé kí a má ṣe ri ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá kọ adé, òǹkàwé yóò wòkè, yóò rò pé orí òdòdó ni à ń wí, yóò sì ri ibi tí ó yẹ kí ó dáàbò bò mọ́lẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu tẹ́lẹ̀: ìdí. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọ. Ìdí òdòdó òòrẹ̀ náà ni ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ ní ìgbà ìrúwé. Nítorí náà, kí ojú ìdí wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú ilẹ̀. Bí a bá sì ń fi ewé bo ilẹ̀, bí àgbẹ̀ ti ń fi koríko bo orí ebè nítorí oòrùn, kí ìbolẹ̀ náà má ṣe ga mọ́ ìdí.

7. Gígé orí àti fífi orí sílẹ̀

Gẹ̀ẹ́sì tún ní ọ̀rọ̀ kan fún gígé òdòdó tí ó ti lo ìgbà rẹ̀ tán. Òkú àti orí ni ó pàdé nínú ọ̀rọ̀ náà, bí a bá tú u palẹ̀. Kí a má ṣe tú u. Gígé orí-gbígbó ti tó. Bí a bá ń gé orí-gbígbó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, ewéko náà yóò yọ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ bá ti dé, kí a fi èyí tí ó kù sílẹ̀ lórí igi. Ẹyẹ kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ ìyeyè, tí ó jọ ìbákà. A máa bà lé orí gbígbẹ náà, a sì máa ṣa hóró inú rẹ̀ jẹ. Ní ìparí ìgbà òtútù, kí ọ̀mùnú tuntun tó yọ, kí a gé gbogbo igi gbígbẹ dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí ilẹ̀.

8. Mímú un bí sí i

Hóró òdòdó òòrẹ̀ a máa hù dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ rí òtútù. A lè gbìn ín síta ní ìgbà ìwọ́wé, kí ìgbà òtútù ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. A sì lè po ó mọ́ iyanrìn tútù, kí a fi í sínú ẹ̀rọ amóhun-tutù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, kí a tó gbìn ín sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A pe iṣẹ́ yìí ní fífi òtútù jí hóró.

Kí olùkọ́ má ṣe ṣèlérí fún akẹ́kọ̀ọ́ pé hóró funfun yóò so funfun. Oyin a máa gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí aláwọ̀ àlùkò wá sórí funfun, àwọn ọmọ sì lè yọ ní àwọ̀ mìíràn, tàbí kí wọ́n ga ju ìyá wọn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó jọ ìyá rẹ̀ láìyẹ̀ yóò pín ìdí. Ní ìgbà ìrúwé, bí ewéko bá ti pé ọdún 3 tàbí 4, kí a wú u, kí a fi ọ̀bẹ mímú pín in kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ọ̀mùnú àti gbòǹgbò, kí a sì tún wọn gbìn lọ́gán. Inú ọgbà tàbí lọ́dọ̀ àwọn tí ń tà á ni kí a ti mú un, kì í ṣe inú igbó. Ẹ̀yà kan nínú ìran yìí, Echinacea tennesseensis, ṣọ̀wọ́n débi pé ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn tí ó fẹ́ parun ní 1979. Ọdún 2011 ni a tó yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà.

9. Àrùn tí orúkọ rẹ̀ ń tan ni jẹ

Àrùn kan wà tí ó gbọ́dọ̀ yé olùtọ́jú òdòdó òòrẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì dá lórí àwọ̀ ìyeyè. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí àrùn pípọ́n, òǹkàwé yóò ro ewé tí ó pọ́n nítorí àìjẹun kánú, yóò sì da ajílẹ̀ sí i. Phytoplasma ni ó ń fa àrùn yìí, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí. Kòkòrò kékeré kan tí ń fò láti ewé dé ewé, tí ó sì ń fa omi ara wọn mu, ni ó ń gbé e kiri. Àmì tí ó hàn jù lára òdòdó òòrẹ̀ ni pé ahọ́n rẹ̀ yóò di àwọ̀ ewé, yóò lọ́, ewé wẹ́wẹ́ yóò sì máa yọ láti inú orí-òdòdó. A dábàá àrùn asòdòdó-dewé.

Kò sí oògùn tí ó ń wò ó. Hí hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni ìtọ́jú rẹ̀, kí a sì kó o kúrò nínú ọgbà kí kòkòrò má baà gbé e dé ara àwọn tí ó kù. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ìyá ṣe ní oṣù Bélú, tí ó jẹ́ àṣìṣe, ni ó tọ̀nà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ewéko mu ni yóò jẹ́ kí a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a hú u àti ìgbà tí ó yẹ kí a fi í sílẹ̀.

10. Àkójọ èdè-ìperí

Òdòdó òòrẹ̀: ìran ewéko Echinacea, tí ẹ̀gún kún àárín òdòdó rẹ̀.
Orí-òdòdó: àpéjọ òdòdó kéékèèké lórí ìjókòó kan.
Òdòdó aláhọ́n: òdòdó etí, tí ó fẹ̀, tí kì í so nínú ìran yìí.
Òdòdó àárín: òdòdó inú orí, tí ń di hóró.
Aṣùjọ: ewéko tí kò ga, tí igi rẹ̀ pọ̀, tí ó sì fún mọ́ ara rẹ̀.
Ilẹ̀ amomiwọlẹ̀: ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí.
Ọlọ́dún-kan: ewéko tí ìgbésí-ayé rẹ̀ parí láàárín ọdún kan.
Apadàhù: ewéko tí òkè rẹ̀ lè gbẹ, tí ó sì ń hù padà láti ìdí.
Ìdí: ibi tí igi ti pàdé gbòǹgbò, tí ọ̀mùnú ti ń yọ.
Ìbolẹ̀: ewé tàbí koríko tí a fi bo ojú ilẹ̀.
Orí-gbígbó: orí-òdòdó tí ó ti lo ìgbà rẹ̀ tán.
Fífi òtútù jí hóró: fífi hóró sí ibi tútù kí ó lè hù.
Àrùn asòdòdó-dewé: àrùn tí ń sọ òdòdó di àwọ̀ àti ìrísí ewé.

11. Ìkádìí

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá yìí ni abẹ gé. Ẹlòmíràn lè rí èyí tí ó sàn jù wọ́n lọ, inú wa yóò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n a rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé kí wọ́n fi ìdánwò kan náà wọn gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun. Kí a má ṣe béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ yìí bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Kí a fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, kí a fún un ní ọkọ́, kí a sì wo ohun tí yóò ṣe. Bí ewéko náà bá hù ní ìgbà ìrúwé, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà.